Ogun Inú Ẹnu: Àwọn Òṣèré Àrélù àti Ọfọ̀ Gẹ́gẹ́ bí Ohun Ìjà Lórí Tẹlifíṣàn

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí ogun gbà ń jà nínú eré oníṣe Yorùbá orí tẹlifíṣàn, àti irú òṣèré tí irú ogun bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Àrélù, eré alápá-púpọ̀ tí Jimoh Aliu gbé jáde ní àwọn ọdún 1980, ni a ó fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, pàápàá ní Ìlú Bìní níbí, níbi tí ó jẹ́ pé eré mìíràn ni àwọn àgbà máa ń rántí. Hotel de Jordan ni eré náà. Jonathan Ihonde ni ó dá a sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Bìní ní àwọn ọdún 1970. Àwàdà ni, pijin sì ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀. Ìjà ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rín ni í sì í gbẹ̀yìn. Ìjà ẹnu pọ̀ nínú Àrélù náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnu bá jà níbẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín dìde.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pe Àrélù ní eré ogun? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí ó gbé e jáde mọ ogun tí a ń fi ìbọn jà. Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n bí Jimoh Aliu sí, babaláwo sì ni bàbá rẹ̀. Ní 1959 ni ó bá ẹgbẹ́ Akin Ogungbe lọ, tí ó sì kọ́ṣẹ́ eré lọ́wọ́ wọn. Ní 1966 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ Àkókó, ìlú tí kò jìnnà sí ààlà Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ológun. Ọdún 1975 ni ó tó fi í sílẹ̀, tí ó gbájú mọ́ eré pátápátá. Síbẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó ti wọ aṣọ ológun fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ fẹ́ gbé agbára àti ìkà sí ojú tẹlifíṣàn, kò wá ìbọn lọ. Ohun tí ó bá nílé bàbá rẹ̀ ni ó mú lò: ewé, ìṣẹ̀ṣe àti ọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni pé owó dá sí i. Ẹgbẹ́ alárìnjó kò ní ẹgbàá ọmọ ogun tí wọ́n lè tò sójú pápá, bẹ́ẹ̀ ni àpótí tẹlifíṣàn kéré. Ṣùgbọ́n àìlówó nìkan kọ́. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu wa, ìró ohùn ni ó máa ń ṣíwájú ìró idà. Ẹ wo Ògbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, eré ogun tí ó sọ Lere Paimo di ìlúmọ̀ọ́ká nígbà tí ó ṣe Ṣọ̀ún Ògúnlọlá. Ìtàn sọ pé Ògúnlọlá ni ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí ó sì gbé orí rẹ̀ wá. Láti inú gbólóhùn tí a fi ròyìn ìṣẹ́gun yìí ni orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti jáde. Ogun kan tán, gbólóhùn kan ṣẹ́ kù, ìlú sì ń jẹ́ gbólóhùn náà dòní. Ola Rotimi pàápàá, tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ Ovonramwen Nogbaisi lórí ogun Bìní ti 1897, kò ṣàì fi orin Ẹdó sínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ibì kan wà tí èdè àlejò kò ní í lè dé.

Kí ni ọfọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ òṣèré? Pierre Verger ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Ewé (1995), pé ìbátan wà láàárín orúkọ ewé, ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ àti iṣẹ́ tí a fẹ́ kí oògùn ṣe. Bí a bá lo ewé gbégbé, ọ̀rọ̀-ìṣe 'gbé' ni a ń wá. Bí ó bá jẹ́ àlùpàyídà, 'yí' àti 'dà' ni. Ìfọ̀rọ̀dárà lásán kọ́ ni èyí. Ìdí tí ọfọ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣẹ gan-an ni: orúkọ ewé ni ẹ̀rí pé ewé kò lè kọ iṣẹ́. Nítorí náà, òǹwòran gbọ́dọ̀ gbọ́ 'gbé' nínú gbégbé, kí ó tún gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá dé. Ohùn òkè ni méjèèjì. Òṣèré tí ó bá ń pariwo ṣáá, tí 'gbé' di 'gbè' lẹ́nu rẹ̀, ti ju ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀. A rí irú wọn púpọ̀ nínú fídíò tí ó dé lẹ́yìn náà. Wọ́n rò pé ariwo ni ọfọ̀.

Ojo Arowosafe kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni ó ṣe Fádèyí Olóró, orúkọ tí ó yẹ kí a tú wò: Ifá wà nínú apá kìíní, oró wà nínú apá kejì. Ẹni tí ó yẹ kí ó fi ìmọ̀ gba ènìyàn là ni ó ń fi í dáni lóró. Òṣèré yìí jẹ́ kí a rí ìtakora náà ní ojú àti ní ohùn. Ìkà tí ó bá kàn ń fọ́ ojú nìkan kì í ba ènìyàn lẹ́rù pẹ́. Ìkà tí ó mọ ohun tí ó ń wí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń wà lára. Folake Aremu, ọmọ Olla ní Ìpínlẹ̀ Kwara, náà di gbajúmọ̀ nínú Àrélù, òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Òrìṣàbùnmi. Jimoh Aliu fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Àwòrò. Lere Paimo ń jẹ́ Ẹ̀dá Onílé Ọlá. Orúkọ orí ìtàgé ti bo ti ilé mọ́lẹ̀, débi pé nígbà tí ìròyìn ikú wọn dé, orúkọ orí ìtàgé ni àwọn ènìyàn fi dárò wọn: Àwòrò ní 2020, Òrìṣàbùnmi ní 2021, Fádèyí Olóró ní 2023.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn àwọn eré wọ̀nyí pé wọ́n ń fi oògùn dẹ́rù ba ọmọdé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọdé ìgboro tí kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́fọ̀ rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ bí ọfọ̀ ṣe ń dún, kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn.

Ìṣòro tí ó kan àwa olùkọ́ èdè ni ti àkọsílẹ̀. Biodun Jeyifo ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn eléré alárìnjó (1984) pé púpọ̀ nínú eré wọn ni kì í ṣe láti inú ìwé; olórí ẹgbẹ́ á la ìtàn sílẹ̀, òṣèré á sì wá ọ̀rọ̀ fi kún un. A kò lè ṣí ìwé kankan kí a rí gbogbo ohun tí Fádèyí Olóró sọ níbẹ̀. Fídíò sì ni a ní láti máa wá, èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni ìran kéékèèké tí kò lórí tí kò nídìí, tí àwọn ènìyàn ń pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí a bá tilẹ̀ rí ìran kan tí ó pé, báwo ni a ó ṣe dà á kọ? Àmì ohùn wa lè fi 'gbé' yàtọ̀ sí 'gbè'. Kò lè fi hàn pé òṣèré dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó pe orúkọ ewé, tàbí pé ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ì bá ti pariwo. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àlàfo sílẹ̀ ní ibi tí òṣèré bá ti dákẹ́, kí wọ́n sì kọ bí ìdákẹ́ náà ti gùn tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ọ̀nà náà kò tíì pé, ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá da ìran kan náà kọ, ibi àwọn ìdákẹ́ wọ̀nyí ni iṣẹ́ wọn ti máa ń yàtọ̀ síra jù.