Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Rọ́bọ́ọ̀tì wo ló mọ iṣẹ́ àjọṣe?

Nínú àáró lóko, ní Ajue ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo tàbí níbòmíràn, ẹni tó lágbára jù lè má jẹ́ ẹni tó wúlò jù. Ẹni tó rí ibi tí ọwọ́ ẹnìkejì kò tíì dé, tó sì bọ́ síbẹ̀, òun lolóko ń wá.

Ìṣòro kan náà ló wà níwájú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà: báwo ni wọ́n ṣe máa mọ rọ́bọ́ọ̀tì tó wúlò jù fún ikọ̀ rẹ̀?

Lọ́dún 1997 ni RoboCup, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní Nagoya, Japan. Ṣùgbọ́n rọ́bọ́ọ̀tì tó gba ife-ẹ̀yẹ lè jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí RoboCup wáyé ní Eindhoven, lọ́dún 2013, wọ́n kó rọ́bọ́ọ̀tì láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ikọ̀ kan náà, láìjẹ́ pé wọ́n ti jọ gbá bọ́ọ̀lù rí. Wọ́n ka iye góòlù tí ikọ̀ fi ju alátakò lọ. Ní ìsọ̀rí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì gidi tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn adájọ́ tó jẹ́ ènìyàn tún ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí bó ṣe ń bá àwọn yòókù ṣe.

Àwọn adájọ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, nítorí góòlù kò lè sọ ẹni tó fi àyè sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè ráyè gbá a wọlé.