Ohun Amúléfòó Nínú Ọkọ̀ Apẹja: Àlàyé Lórí Ìwọ̀n Rẹ̀ àti Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni bí a ṣe lè mú kí ọkọ̀ apẹja kékeré máa léfòó lẹ́yìn tí omi bá ti kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ tí a ní lọ́kàn ni ọkọ̀ igi tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ń fi àjẹ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì kékeré tù lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Lẹ́kkí. Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, ọjà Ẹ̀jìnrìn ni ẹrù Ìjẹ̀bú ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ lọ sí Èkó. Títí di òní, àwọn tí ń dẹ àwọ̀n lórí omi wọ̀nyí ni ẹja ọ̀sà ti ń tọwọ́ wọn dé àwọn ìlú òkè ilẹ̀ bí Ìbẹfun àti Ìjẹ̀bú-Òde.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òmùwẹ̀ ni í bómi lọ. Ìtumọ̀ èyí fún iṣẹ́ wa ni pé mímọ̀ ọ́n wẹ̀ nìkan kò tó ààbò. Apẹja tí ìjì bá mú lóru, tí àwọ̀n sì lọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀, nílò ohun kan tí yóò dì mú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ ni ó súnmọ́ ọn jù lọ. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ ọkọ̀ náà yóò ṣeé dì mú? Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe bí ohun amúléfòó ti pọ̀ tó nìkan ni ó ṣe pàtàkì. Ibi tí a fi í sí nínú ọkọ̀ àti bí a ṣe dè é ṣe pàtàkì bákan náà.

2. Ohun tí ń mú ọkọ̀ léfòó

Òfin tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ni èyí tí Archimedes, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì, là sílẹ̀ ní èyí tí ó ju ẹgbàá ọdún lọ sẹ́yìn. Omi a máa ti ohunkóhun tí ó bá wọ inú rẹ̀ sókè, agbára títì náà sì dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí nǹkan ọ̀hún lé kúrò ní àyè rẹ̀. Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan. Nítorí náà, gbogbo àyè lítà kan tí omi kò lè wọ̀ yóò gbé nǹkan bíi kìlógíráàmù kan dúró. Omi òkun fi díẹ̀ wúwo ju èyí lọ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ọ̀sà Lẹ́kkí kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, ìdí nìyí tí a fi lo ìwọ̀n omi lásán nínú ìṣirò wa.

Nígbà tí inú ọkọ̀ bá gbẹ, igi ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó jọ ń lé omi kúrò. Bí omi bá kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti jáde, ó wá ku igi nìkan. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ igi tí a fi ń kan ọkọ̀ fúyẹ́ ju omi lọ. Èyí ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbà pé ọkọ̀ igi kì í rì. Ìgbàgbọ́ yìí kò ka ẹ́ńjìnnì, òjé ìdí àwọ̀n, ẹrù, àti omi tí igi ti fà mu sí.

3. Ìṣirò kan

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe àlàyé. Ká ní igi tí a fi kan ọkọ̀ kan gba àyè 300 lítà, tí ó sì wọn 180 kìlógíráàmù nígbà tí ó gbẹ. Igi náà yóò lè gbé 120 kìlógíráàmù ní àfikún sí ara rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lójú omi tí ó sì fa omi mu títí ó fi wọn 255 kìlógíráàmù, àfikún tí ó lè gbé ti dín sí 45.

Ká wá gbé ẹ́ńjìnnì tí ó wọn 40 kìlógíráàmù lé e ní ìdí. Irin máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìwúwo rẹ̀ nínú omi, alumíníọ́mù sì ń pàdánù ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ká fi ìwúwo ẹ́ńjìnnì nínú omi sí 30. Ká fi òjé àwọ̀n sí 5. Bí ènìyàn méjì bá jókòó sínú ọkọ̀ tí omi mù wọ́n dé àyà, ká fi ohun tí ọkọ̀ yóò gbé lára ẹnì kọ̀ọ̀kan sí 25, ìyẹn 50 fún àwọn méjèèjì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85. Ọkọ̀ tí ó lè gbé 45 péré kò lè gbé 85. Ó ku 40. Ọkọ̀ yìí yóò rì mọ́ wọn nídìí.

Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tí a dé pa, tí òun fúnra rẹ̀ wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù kan, yóò gbé 24. Bí a bá fi méjì sí inú ọkọ̀ yìí, 8 péré ni yóò ṣẹ́kù: ọkọ̀ kò ní rì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò ní yọ lójú omi tó bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gbọ́n omi inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, 56 ni yóò ṣẹ́kù. Bí àwọn méjèèjì bá wá bọ́ sínú omi, tí wọ́n di etí ọkọ̀ mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìwúwo ẹnì kọ̀ọ̀kan lára ọkọ̀ lè dín sí nǹkan bíi 5, àṣẹ́kù yóò sì di 96. Nígbà náà ni etí ọkọ̀ yóò lè yọ síta, tí wọn yóò fi lè máa gbọ́n omi.

4. Ibi tí ó yẹ kí ó wà

Ibi tí ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀, lábẹ́ pákó tí a ń tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kò dára. Ẹni tí ó bá so agbè òfìfo mọ́ ẹsẹ̀ tí ó sì bọ́ sódò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò wá sókè, orí rẹ̀ yóò lọ sísàlẹ̀. Bákan náà ni ọkọ̀ tí omi kún, tí ohun amúléfòó rẹ̀ wà nísàlẹ̀: ìdí rẹ̀ ni yóò máa wá òkè, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dojú dé.

Ibi tí ó yẹ ni òkè, ní abẹ́ etí ọkọ̀ lápá méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ fì sí ọ̀tún, èyí tí ó wà lápá ọ̀tún yóò wọ inú omi sí i, omi yóò sì tì í sókè. Èyí tí ó wà lápá òsì yóò yọ kúrò nínú omi, agbára rẹ̀ yóò sì dín. Báyìí ni ọkọ̀ yóò ṣe padà dúró gbọọrọ. Nítorí pé ìdí ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, púpọ̀ nínú ohun amúléfòó gbọ́dọ̀ wà níhà ibẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yóò dúró lóòró bí òpó, iwájú rẹ̀ nìkan ni yóò sì yọ lójú omi.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ó jáde láti inú òfin ààbò ọkọ̀ ojú omi ti ọdún 1971 béèrè pé kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ elénjìnnì tí gígùn wọn kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ohun amúléfòó nínú. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ káńọ̀ àti káyáàkì sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi káyáàkì pẹja níbẹ̀ fi máa ń fúnra wọn ti fóòmù sí inú ọkọ̀ wọn, pàápàá bí wọ́n bá ti lu ihò sí i lára láti fi ọ̀pá ìwọ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ apẹja ọ̀sà náà kò yàtọ̀: ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi tún ìwà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe.

5. Ohun èlò àti ìdè

Lílo ohun òfìfo tí a dé pa kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Ní Argungu, níbi tí ọdún ẹja pípa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1934, igbá ńlá ni àwọn apẹja fi ń léfòó. Ní Kribi ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, àwọn kan ń fi ìgò ike tí a ti lò tì kan odidi ọkọ̀. Ẹ̀kọ́ inú iṣẹ́ ti Kribi ni pé ohun kéékèèké púpọ̀ sàn ju ńlá kan lọ. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá là, 24 kìlógíráàmù ti lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìgò kan nínú àádọ́ta bá là, kò sí ohun tí ojú yóò rí.

Fóòmù funfun tí a fi ń di ẹ̀rọ inú páálí fúyẹ́ púpọ̀, kò sì ní òfìfo kan tí omi lè ráyè wọ̀ lójijì, ṣùgbọ́n epo pẹtiróòlù a máa yọ́ ọ. Kò yẹ kí ó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì. Fóòmù ibùsùn kò wúlò rárá, nítorí pé omi ni ó ń mu.

Ìdè rẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Kẹ́ẹ̀gì tí ó lè gbé 24 kìlógíráàmù yóò fi agbára kan náà fa okùn rẹ̀ nígbà tí omi bá kún. Okùn tí a so mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì nìkan kò tó. Ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì tí a kàn mọ́ igi ìdábùú ọkọ̀ ni kí ó dì í mú, láìlu ihò sí ara ọkọ̀. Kí ó sì ṣeé yọ, kí a lè máa wo igi ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ti ń jẹrà.

6. Àtakò àti ìdánwò

Apẹja lè sọ pé ohun wọ̀nyí yóò gba àyè ẹja àti àwọ̀n. Òtítọ́ ni, nítorí pé 100 lítà kì í ṣe àyè kékeré. Èsì wa ni pé abẹ́ etí ọkọ̀ àti abẹ́ ìjókòó kì í ṣe ibi tí a ń kó ẹja púpọ̀ sí. Ohun tí a sì fi gba àyè náà ni ẹ̀mí, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì tí owó rẹ̀ kò rọrùn láti tún rí.

A kò gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ààyè rẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ igi tí ó ń kó àwọn tí ó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù ní agbègbè Pàtígi ní ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tí ó lé ní 100 ènìyàn sì kú. Kò sí kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tí ó lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀ là. Ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan àti àìkó èrò ju ìwọ̀n lọ ni òfin àkọ́kọ́.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Kí a gbé ọkọ̀ sí ibi tí omi mọ ní ìbàdí, kí a yọ ẹ́ńjìnnì, kí a so àpò yanrìn tí ó wọn nǹkan bíi 48 kìlógíráàmù sí ìdí ọkọ̀. Yanrìn pàdánù ju ìdá mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ lọ nínú omi, nítorí náà yóò dúró fún 30 tí a fi sí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn èyí, kí a mọ̀ọ́mọ̀ rọ omi kún ọkọ̀, kí ènìyàn méjì wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá dojú dé, kí a gbé ohun amúléfòó sókè sí i. Bí ìdí rẹ̀ bá rì, kí a fi kún ti ẹ̀yìn.

7. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọkọ̀ igi tí omi kún lè rì bí ó bá ru ẹ́ńjìnnì, tí igi rẹ̀ sì ti gbó. Pé ìṣirò tí kò le ni a fi lè mọ iye ohun amúléfòó tí ó yẹ ẹ́. Àti pé òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, níhà ẹ́ńjìnnì, ni ipò rẹ̀. Iye tí a lò nínú ìṣirò wa yóò yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà ìdánwò etí omi ni onídàájọ́. Àwọn tí iṣẹ́ yìí kàn jù lọ kì í wá sí ìpàdé wa. Bí àlàyé náà bá ti ṣeé sọ ní èdè Yorùbá báyìí, kò sí ìdí tí kò fi yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń kan ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìwòpin.