Ẹni Tí Ó Ń Ru Bọ́ọ̀lù: Jean Tigana

Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bá délẹ̀, orúkọ ẹni tí ó gbá a sínú àwọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń pariwo. Ta ni ó gbé bọ́ọ̀lù náà wá fún un? Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nìyẹn, Jean Tigana ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìgbà 52 ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Faransé láàárín 1980 sí 1988, góòlù kan ṣoṣo ni ó sì jẹ, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá Họ́ngárì pàdé nínú ìdíje àgbáyé 1986. Ẹni tí ó bá fi góòlù nìkan díwọ̀n agbábọ́ọ̀lù yóò sọ pé kò ṣe nǹkan kan.

Bamako ní ilẹ̀ Mali ni wọ́n bí i sí ní 1955, ṣùgbọ́n Marseille, ìlú etí òkun ní gúúsù Faransé, ni ó ti dàgbà. Bọ́ọ̀lù kò tètè di oúnjẹ òòjọ́ fún un: ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sùpàgẹ́tì, ó sì pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé. Ní 1975 ni ẹgbẹ́ Toulon gbà á. Ó lọ sí Lyon ní 1978, ó sì dé Bordeaux ní 1981, níbi tí ó ti gba ife líìgì Faransé ní 1984, 1985 àti 1987.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Mẹ́rin ni àwọn tí ó di àárín pápá mú fún Faransé nígbà náà. Fernandez ni ó ń já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ alátakò; Platini àti Giresse ni ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé. Tigana, tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ni ó ń ru ú láti ìhín lọ sí ọ̀hún. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Bí a bá ń ta bọ́ọ̀lù láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, àwọn alátakò lè dúró sí àyè wọn kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń sáré bọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, dandan ni kí ọ̀kan nínú wọn fi ẹni tí ó ń ṣọ́ sílẹ̀ kí ó lọ pàdé rẹ̀. Àyè ti ṣí nìyẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1984, ní Marseille kan náà, ní ọjọ́ tí Tigana pé ọmọ ọdún 29. Faransé àti Pọtogí ń du àyè àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n ta ọ̀mì 1 sí 1; nínú àfikún àkókò, Pọtogí jẹ góòlù kejì, Domergue sì dá a padà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sí pẹ́nátì, tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti wúwo, Tigana gbé bọ́ọ̀lù, ó mú eré pọ̀n. Wọ́n dí i lọ́nà, ó tún gbà á padà, ó sá dé ìpẹ̀kun pápá, ó sì dá a padà sẹ́yìn fún Platini. Ó di 3 sí 2. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n na Sípéènì 2 sí 0 ní Paris, Faransé sì gba ife ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀. Góòlù 9 ni a kọ sí orúkọ Platini nínú ìdíje náà; a kò kọ ẹyọ kan sí ti Tigana.

Ife àgbáyé ni kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ni ó dí wọn lọ́nà àṣekágbá ní 1982 àti ní 1986. Ti 1982, ní Seville, ni ó dunni jù: 3 sí 1 ni Faransé fi ń lé wọn kí ó tó di ọ̀mì, pẹ́nátì ni wọ́n sì fi borí wọn.

Ó padà sí Marseille ní 1989, ó gba ife líìgì méjì sí i, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1991. Ó wá di olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù. Monaco tí ó kọ́ gba ife líìgì Faransé ní 1997. Victor Ikpeba ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ọdún náà ni wọ́n sì fi Ikpeba ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Ní 2001, ó gbé Fulham ti London padà sí líìgì tí ó ga jù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọn kò ti fojú kàn láti 1968.