Ibà Lemọ́lemọ́ Lára Ọmọ: Ògiri Tó Lanu Ni

Ọ̀rọ̀ ibà la fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má sọ pé, "Ibà náà nìyẹn, ta ni ò mọ ibà?" Ibà tó ń mú ọmọ lemọ́lemọ́ lè ṣílẹ̀kùn fún àìsàn mìíràn tó burú jù ú lọ.

Lọ́dún 1958, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Ùgáńdà, Denis Burkitt, kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí kókó ń wú ní àgbọ̀n wọn. Jẹjẹrẹ ni. Lọ́dún 1961 ó wa mọ́tò gba ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà kọjá, ó sì rí i pé ibi tó gbóná, tí òjò àti ẹ̀fọn pọ̀ sí, ni àìsàn náà wà. Lọ́dún 1964, Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú kókó náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Epstein-Barr ni wọ́n ń pè é. Kò jìnnà sí wa o: ní UCH Ìbàdàn, láwọn ọdún 1960 àti 1970, òun ni jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé.

Ṣé fáírọ́ọ̀sì yìí nìkan ló ń fà á? Rárá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ló ní in lára. Inú itọ́ ló ń gbà ràn, láti kékeré la sì ti ń kó o. Ó kàn sùn síbẹ̀ ni, torí pé ara ní ọlọ́dẹ tirẹ̀, bí ọjà Owódé ṣe ní ọlọ́dẹ òru.

Oríṣi ọlọ́dẹ méjì ni ká mú nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan ń rọ ohun ìjà tí ara fi ń bá àìsàn jà. Inú àwọn wọ̀nyí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì náà fara pamọ́ sí. Àwọn kejì ń ṣọ́ wọn, wọ́n sì ń pa èyí tí fáírọ́ọ̀sì bá fẹ́ bà jẹ́. Tí kòkòrò ibà bá ń wọlé léraléra, àwọn àkọ́kọ́ á máa pọ̀ sí i pẹ̀lú ìkánjú. Nínú ìkánjú yẹn, àṣìṣe lè wọ inú ọ̀kan, kó máa bí sí i láìdúró. Àwọn kejì tó yẹ kó mú un, ibà ti tán wọn lókun. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ẹ má fòyà o. Ọmọ tí ibà ń ṣe pọ̀, àwọn tí èyí ń mú nínú wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n a mọ ara wa: ọjà ò ṣeé fi sílẹ̀, a ó ní kí wọ́n bá wa ra oògùn ní kẹ́míìsì, ara ọmọ á fúyẹ́, a ó sì tọ́jú ìyókù oògùn pamọ́. Ìyẹn ò dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, kó lo oògùn rẹ̀ tán. Ẹ̀fọn ibà, òru ló ń jẹni. Kí ọmọ máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá ń wú, tí eyín rẹ̀ ń mì, tí ojú kan yọ síta, tàbí tí ikùn rẹ̀ ń ga, ẹ má pè é ní eyín dídùn lásán. Ẹ má fi àgbo dúró dè é. Kókó yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ gbé ọmọ lọ sí General Hospital Ọ̀fà lójijì, kí wọ́n lè darí yín sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Oògùn rẹ̀ wà. Bó ṣe ń yára wú náà ló ń yára gbọ́ oògùn, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tètè gbé dé ló sì ń yè é.

Ọjà ọjọ́ kan ṣeé pàdánù. Ọmọ ò ṣeé pàdánù. A ò ní fi èrè ọjà wo àìsàn o. Àṣẹ.