Bí Orin “Dig Dug” Ṣe Wáyé ní Káúńtì Prince George's

Ní ọdún 2006, orin kan gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ kan ní Washington àti ní Prince George's, káúńtì tó fara kan ìlú náà ní ìpínlẹ̀ Maryland. “Dig Dug” ni wọ́n ń pe orin ọ̀hún. Orúkọ onílù ni. Ronald Dixon ni orúkọ àbísọ ọkùnrin náà, ọ̀kan nínú àwọn onílù ẹgbẹ́ Northeast Groovers, àmọ́ Dig Dug ni gbogbo èrò òde ijó mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó kọ orin yìí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ wọn, kì í tilẹ̀ ṣe olórin go-go, orin ìlù ìgboro Washington, bíi tiwọn. Olúbọ̀wálé Victor Akíntìmẹ́hìn ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Washington ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Wale. Rap ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà. Studio 43, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó wà nílé níbẹ̀, ló ń bá ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tí olórin tuntun, tí kò tíì lórúkọ, yóò fi orúkọ onílù ẹgbẹ́ mìíràn sọ orin tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní agbègbè yìí ló jẹ́ pé ìgbà tí Wale ti di ìlúmọ̀ọ́ká la tó mọ̀ ọ́n. A máa ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sábà wo ilẹ̀ tó hù lé lórí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà ló sọ bí orin ọ̀hún ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká gba Riverdale Park wọlé. Ìlú kékeré ni, ó wà lójú ọ̀nà Baltimore Avenue tí gbogbo èèyàn ń pè ní Route 1, láàárín yunifásítì Maryland tó wà ní College Park àti ẹnubodè Washington. Ọdún 1920 ló di ìlú tó ń ṣàkóso ara rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Riverdale. Ọdún 1998 ni wọ́n fi Park kún un. Ojú irin là á já láàárín. Ní Queensbury Road, ìlú yìí ní ilé onígbàjámọ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún tó jẹ́ pé gìtá ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀, kì í ṣe orí tó fẹ́ gẹ̀.

Archie Edwards ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n bí i ní Virginia lọ́dún 1918, ó mọ gìtá blues lù dáadáa, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun sí Bunker Hill Road ní Washington ní 1959. Tó bá di Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ á gbé ohun èlò wọn dé, wọ́n á jókòó yí àga ìgẹrun ká, ẹni tó mọ̀ ọ́n lù á máa lù, ẹni tó ń kọ́ ọ á máa wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Mississippi John Hurt pàápàá, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú blues, máa ń yà síbẹ̀. Edwards kú ní 1998. Àwọn tó ń bá a jókòó kò jẹ́ kí àpèjọ náà kú; wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, wọ́n kó ilé onígbàjámọ̀ náà wá sí Riverdale Park, wọ́n sì ń lu gìtá níbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kí wọ́n tó tún ṣí lọ sí Hyattsville tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé bí orin ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní káúńtì yìí nìyẹn. Àwọn tó ń jókòó pọ̀ ló máa ń ṣáájú, àwo orin a sì dé lẹ́yìn, bó bá máa dé rárá.

Ṣùgbọ́n blues kọ́ ló ń mi ìgboro títì níhìn-ín. Go-go ni, Chuck Brown sì ni bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí ní Lorton ní Virginia, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti fi páálí sìgá márùn-ún gba gìtá lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó kíyè sí i pé bí orin kan bá ti parí báyìí, àwọn oníjó á túká lójú agbo lọ jókòó. Àárín ọdún 1970 sí 1979 nìyẹn, ìgbà tí ilé ijó disco ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù ṣeré láìsinmi, tí wọ́n sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn onílù. Brown bá pinnu pé ìlù kò ní dákẹ́ mọ́. Orin á parí, kọ́ńgà á ṣì máa lọ, agogo á ṣì máa lọ, akọrin á máa ju ọ̀rọ̀ sí èrò, èrò á máa dá a lóhùn, títí orin mìíràn yóò fi rọra wọlé sórí ìlù kan náà. Ẹni tó fẹ́ jókòó kò rí àyè jókòó.

Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá yóò ti mi orí. Olórí akọrin go-go, nígbà tí ìlù bá ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a máa pe orúkọ: orúkọ àdúgbò, orúkọ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ti jókòó rí ní òde tí Ebenezer Obey tàbí Àyìndé Barrister ti ń ṣeré mọ ohun tí orúkọ ń ṣe lára èèyàn. Wọ́n pè ọ́, orí rẹ wú, ọwọ́ rẹ wọ àpò. Àwọn ará Washington náà mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń gba ohùn eré alẹ́ kan sílẹ̀ látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ṣeré, wọ́n á dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tà á ní ṣọ́ọ̀bù àti lójú títì. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ra tirẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra tirẹ̀, ẹni tí wọn kò pè ra tirẹ̀ kó lè mọ ibi tí yóò dúró sí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀nà ìjẹun yìí dára fún ẹgbẹ́ tó ń ṣeré ní alẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ́sẹ̀. Òun náà ló sì há go-go mọ́lé. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni bó ṣe ń gùn, rédíò sì fẹ́ orin oníṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin. Chuck Brown fúnra rẹ̀ rí i ṣe: “Bustin' Loose” jáde ní 1978, ó sì gun òkè tente orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1979. Ẹgbẹ́ E.U. rí i ṣe ní 1988 pẹ̀lú “Da Butt”, ọpẹ́lọpẹ́ fíìmù Spike Lee. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ìlú náà ń jó orin tirẹ̀, àwọn tó wà ní etíkun kejì Amẹ́ríkà kò sì mọ ohun tí wọ́n ń jó.

Àárín èyí ni Wale dàgbà sí. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, láti Nàìjíríà ni wọ́n ti wá. Washington ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó kó lọ sí Maryland, níbi tó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Quince Orchard lọ́dún 2002. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló gbé e dé yunifásítì. Ó gba Robert Morris àti Virginia State kọjá kó tó dé Bowie State, tó wà ní Prince George's níbí. Kò parí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá ní òkè òkun mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé tí ọmọ kò kà tán ṣe máa ń rí lẹ́nu òbí, mi ò sì rò pé ó yẹ kí n fi ẹnu mi kún un.

Orin tí rédíò ìlú kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni “Rhyme of the Century”. Rap gidi ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé léra wọn dáadáa, ó sì jẹ́ kí àwọn tó ń tẹ́tí sí irú rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ kan ń bọ̀. “Dig Dug” ló wá fọ́ ìlẹ̀kùn. Ó gbé rap lé ìlù go-go, ó pe onílù náà lórúkọ, ó sì gé gbogbo rẹ̀ sí ìwọ̀n tí rédíò lè gbé. Nípa bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ṣe é gé di gígé, láìjẹ́ pé ó pa ìlù ibẹ̀. Àwọn olùgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un lórí rédíò bí ẹni pé orin àlejò ńlá kan láti New York ni.

Èrò tèmi ni pé ìbà ni orin yẹn. Olórin tó bá wọ agbo tó bá lọ́wọ́ àwọn àgbà kì í kọjá wọn lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọmọ àlejò ni Wale, ọmọ rap ni, kì í ṣe ọmọ go-go. Ó kọ́kọ́ kí onílù kó tó kí ara rẹ̀. Ìlú gbọ́ ìkíni náà, wọ́n sì dá a lóhùn.

Ọ̀nà náà kò sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọdún yẹn kan náà ni “The Pocket” ti Tabi Bonney ń lọ ní Washington, orin tí òun pẹ̀lú gbé jáde láìsí ilé iṣẹ́ ńlá. Togo ni wọ́n ti bí Bonney. Itadi Bonney, olórin tí orúkọ rẹ̀ rinlẹ̀ ní Lomé, ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan àti ọmọ Togo kan ló ṣí ojú rap agbègbè yìí lọ́dún kan ṣoṣo. Mi ò gbà pé èèṣì ni. Ọmọ tí wọ́n ti ń fi ìlù ṣe àríyá nílé rẹ̀ láti kékeré kì í ṣe àjèjì níbi tí kọ́ńgà kì í ti í dákẹ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e yá kíákíá. Mark Ronson, DJ àti olùṣètò orin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ Wale, ó sì gbà á sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, Allido. Mixtape “100 Miles & Running” jáde ní 2007, “The Mixtape About Nothing” ní 2008, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi wọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Interscope, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá, wá dé. Nígbà tí “Attention Deficit”, àwo odindi àkọ́kọ́ rẹ̀, jáde ní oṣù Kọkànlá 2009, nǹkan bí 28,000 ẹ̀dà ló tà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tó fẹ́ rà á dé ṣọ́ọ̀bù, wọn ò bá a, torí pé ẹ̀dà tí wọ́n kó síta kò tó. Ọmọ tó ti fi orin ẹyọ kan gba ìlú rẹ̀ láìsí ilé iṣẹ́ ńlá wá rí i pé níní irú rẹ̀ lẹ́yìn ẹni kò ní kí ọjà délé oníbàárà. Ọdún 2013 ni “The Gifted” tó gbé e dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà.

Amir Mohamed el Khalifa, olórin rap tí wọ́n ń pè ní Oddisee, gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ Sudan ni bàbá rẹ̀, Prince George's ló dàgbà sí. Garry Shider, onígìtá ẹgbẹ́ Parliament-Funkadelic, ni aládùúgbò wọn, ilé kejì gan-an, ibẹ̀ ni ọmọkùnrin náà sì ti kọ́kọ́ fojú rí bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀. Oddisee kò lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá. Mello Music Group, ilé iṣẹ́ kékeré kan, ló bá rìn, ó ń ṣètò orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń fi eré orí ìtàgé yíká Yúróòpù jẹun. Ní 2011 ó fi orúkọ ọgbà ìtura Washington, Rock Creek Park, sọ odindi àwo kan.

Àwọn ọmọ tó ń gbé orin ẹyọ kọ̀ọ̀kan jáde láti Riverdale Park àti Langley Park lónìí kò ní láti wá ilé iṣẹ́ kankan. Láti oṣù Keje 2015, ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ìgbórinjáde káàkiri ayé. Ọmọ á san owó díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń pín orin kiri, orin rẹ̀ á sì wà lórí Spotify lọ́jọ́ tí ti Beyoncé wà níbẹ̀. Ohun tó le ni kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Gbọ̀ngàn ijó tí go-go ń gbé ti dínkù. Òfin tí káúńtì ṣe ní 2011 mú kó ṣòro sí i fún wọn láti gba ìwé àṣẹ. Ibòmíràn ti wá nǹkan ṣe sí i: ní Ọsirélíà, triple j, rédíò tí owó ìlú ń gbé ró, ti ní ètò Unearthed láti 1995, níbi tí olórin tí kò lẹ́ni kankan ti lè fi orin rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Genesis Owusu, ọmọ Ghana tó dàgbà sí Canberra, wà lára àwọn tó tibẹ̀ hàn síta, ó sì gba ẹ̀bùn ARIA fún àwo tó dára jù lọ ní 2021. Maryland kò ní irú rẹ̀, ó sì yẹ kó ní in.

Àìrí ẹni gbọ́ orin kan owó pẹ̀lú: láti 2024, Spotify kì í san kọ́bọ̀ lórí orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá. Àwọn olórin wa nílé mọ bí irú ìwọ̀n tí ẹlòmíràn fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí, ìdí nìyẹn tí Hárúnà Ìṣọ̀lá alápàlà àti I.K. Dáíró oníjùjú fi da owó pọ̀ dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969. Ní Takoma Park, ìrìn kúkúrú sí Riverdale Park, ọmọ ogún ọdún kan tó ń ta epo mọ́tò, John Fahey, ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú wọn. Ní 1959, ó fi owó tó ń rí ní ilé epo àti èyí tó yá tẹ 100 ẹ̀dà àwo gìtá rẹ̀, “Blind Joe Death”, ó sì ń tà á lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n Spotify ni, kò ní gba nǹkan kan. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà yẹn ló fi dá Takoma Records sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gbé Leo Kottke jáde fáyé ní 1969, àwo náà sì ti wà nínú àwọn ohùn tí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington ń tọ́jú pamọ́ fún Amẹ́ríkà báyìí.