Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́ Rẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́

Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá kan wá bá wa ní ọ́fíìsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Inú ń bí i. Ó ti rí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, tó ń ṣán koríko lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé nítorí àdá ni mo ṣe mú ọmọ mi wá fún yín? Àdá wà nílé. Oko tí mo torí ẹ̀ rán an wá síbí ni ẹ tún ń dá a padà sí." A rẹ́rìn-ín, a bá a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì lọ. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ọmọ tó ń múra àtilọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìbéèrè méjì ni ẹ sì máa ń bi wá. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Bí ó bá sì jáde, ṣé yóò mọ iṣẹ́ ṣe, àbí ìwé nìkan ni yóò gbé bọ̀ wálé? Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà ní ìlú Amẹ́ríkà tí ọ̀nà tí ó gbà dáhùn ìbéèrè méjèèjì yẹ fún wa láti mọ̀. Berea ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kentucky ni ó wà, nítòsí àwọn òkè ńlá tí àwọn aláìní pọ̀ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó bíi 1,500.

Láti ọdún 1892, kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o: oúnjẹ àti ibùsùn ní owó tiwọn. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ gan-an, èyí tí í máa ń lé ọmọ tálákà padà sílé, kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́, ọkùnrin àti obìnrin, gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ó kéré tán wákàtí 10 lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí ìwé tí ó ń kà. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ní ọdún kìíní, wọn yóò yan iṣẹ́ fún un, kì í ṣe òun ni yóò yàn. Ó lè jẹ́ pé abọ́ ni yóò máa fọ̀ ní ilé oúnjẹ. Ó lè jẹ́ oko, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní oko àti ẹran ọ̀sìn. Ó lè jẹ́ ilé àlejò ńlá tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́ ní 1909, tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí. Ó tún lè jẹ́ ìdí òfì, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ.

Èyí tó wù wá jù ni iṣẹ́ ìgbálẹ̀. Láti 1920 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń ṣe ìgbálẹ̀ tà. Kì í ṣe ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ bíi tiwa. Irú ọkà bàbà kan ni wọ́n fi ń ṣe é: orí ọkà náà ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń dì mọ́ igi gígùn, tí wọ́n sì ń rán an pẹ̀lú okùn kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó bá dì í dẹ̀ngbẹ̀rẹ̀, kí ó tú u, kí ó tún un dì.

Nígbà tí ọmọbìnrin wa bá pẹ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè wá iṣẹ́ tó sún mọ́ ohun tí ó fẹ́ ṣe láyé. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìṣirò owó lè wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé lè lọ sí yàrá ìkàwé. Wọ́n ń san owó díẹ̀ fún un ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá kan wà lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí ń kọ́ ọ, tí ó sì ń ṣàkọsílẹ̀ bí ó ti ń ṣe é: ṣé ó ń tètè dé, ṣé ó ṣeé fọkàn tán. Nítorí náà, bí ó bá jáde, ìwé ẹ̀rí méjì ni yóò mú lọ́wọ́. Ọ̀kan sọ bí ó ti mọ̀wé tó. Èkejì sọ bí ó ti mọ iṣẹ́ tó.

Ẹ ó bi wá pé, níbo wá ni owó oṣù àwọn tíṣà ti ń wá? Ìgbálẹ̀ kò lè san án. Àwọn èèyàn ló ń ta kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́rẹ. Ní 1920, àwọn alákòóso pinnu pé owó tí àwọn tó kú bá fi sílẹ̀ fún àwọn, àwọn kò ní ná an. Èrè orí rẹ̀ nìkan ni àwọn yóò máa ná. Àgbẹ̀ mọ ìyẹn. Kò sí ẹni tó ń se èèbù iṣu jẹ. Èèbù náà ti wá di òkìtì, ó ti ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrọ̀rùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó oníwàásù kan tí ń jẹ́ John G. Fee, ẹni tó kórìíra òwò ẹrú, ló dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ ní 1855, nígbà tí ìpínlẹ̀ Kentucky ṣì ń lo ẹrú. Ní 1859, àwọn tó fẹ́ràn kíkó ẹrú gbógun wá, wọ́n lé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní ìlú. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1865, wọ́n padà. Ní 1866, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú 96 àti àwọn funfun 91 jókòó pọ̀ nínú ilé-ìwé kan náà.

Ọ̀kan nínú àwọn dúdú tó kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn náà ni Carter G. Woodson. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n bí i ní 1875. Ó ti wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń wà ní Ẹnúgu tẹ́lẹ̀, kí ó tó rí ààyè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ó pé ọmọ 20 ọdún. Láàárín àwọn awakùsà ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀wé, òun ló ń ka ìwé ìròyìn sí wọn létí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka lẹ́tà fún ará ilé yín báyìí, ẹ mọ irú iṣẹ́ tí ìyẹn jẹ́. Ó wọ Berea ní 1897, ó kúrò lọ ṣe tíṣà, ó di ọ̀gá ilé-ìwé bíi tiwa, ó sì tún padà lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1903. Òun náà ló dá ọ̀sẹ̀ ìtàn àwọn èèyàn dúdú sílẹ̀ ní 1926.

Ọdún kan péré lẹ́yìn tí Woodson jáde, ní 1904, ìjọba Kentucky ṣòfin pé dúdú àti funfun kò gbọdọ̀ kàwé pọ̀ mọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pe ẹjọ́ títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, ó sì jẹ̀bi ní 1908. Wọ́n kówó jọ láti kọ́ ilé-ìwé mìíràn fún àwọn ọmọ dúdú. Àfi ní 1950 ni wọ́n tún òfin náà ṣe tí wọ́n fi lè wọlé padà. Ọdún 46 ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì.

Ìgbà tí a kà nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a tó rántí bàbá aládàá. Ní ilé-ìwé wa, ta ni ń ṣán koríko? Ẹni tó pẹ́ dé ni. Ẹni tí kò gba ìṣirò ni. Ìgbà mìíràn, ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pé. A kò rántí ọjọ́ kan tí a fi àdá lé ọmọ olóyè lọ́wọ́. Ìyà ni a fi iṣẹ́ jẹ, kò sí ẹni tó kọ́ ọmọ náà bí a ti ń ṣe é, kò sí ẹni tó yìn ín nígbà tó ṣe é dáadáa. Bàbá yẹn rí i. Àwa tí a mọ̀wé kò rí i.

Ohun kan wà ní Berea tí ì bá mú un rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ bá mọ̀wé bí ó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè iye owó tí ń wọlé fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí owó náà bá pọ̀ jù, wọn kò ní gbà á. Wọ́n á ní kí ó lọ sí ibòmíràn, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní.