Àwọn Àṣẹ Tí A Fi Ń Ṣàkóso Kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a lè gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èyí tí ojú ti mọ̀: a ó fi ìka tàbí máòsì tọ́ka sí àwòrán kéékèèké lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì ṣe ohun tí àwòrán náà dúró fún. Ọ̀nà kejì ni pé kí a kọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀, kí a tẹ bọ́tìnì Enter, kí ẹ̀rọ náà sì fi ọ̀rọ̀ dá wa lóhùn. Ojú ibi tí a ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sí ni à ń pè ní terminal. Kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́. Ojú dúdú lásán ni, pẹ̀lú àmì kékeré kan tí ó ń ṣẹ́jú láti fi hàn pé ẹ̀rọ ń retí ohun tí a fẹ́ wí. Ọ̀nà kejì yìí ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ẹni tí à ń pàṣẹ fún. Nínú kọ̀ǹpútà ni ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí fún gbogbo ètò yòókù. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ olórí ọjà. Òun ni ó ń pín ìsọ̀ fún àwọn oníṣòwò, òun ni ó mọ ẹni tí ó jókòó síbì kọ̀ọ̀kan, òun ni ó sì ń làjà bí ẹni méjì bá ń du àyè kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ètò olórí yìí ṣe ń pín àkókò àti àyè ìkẹ́rùsí láàárín àwọn ètò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, Linux sì jẹ́ òmíràn. Linux ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí agbára rẹ̀ ti dínkù.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie dá Unix sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ń tẹ èsì jáde sórí tákàdá ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó ń falẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀ sì le láti tẹ̀. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn àṣẹ náà kò fi ju lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta lọ títí di òní. Ní 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, gbé Linux jáde ní àfarawé Unix, àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo láyé sì bá a dá sí i. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú oríṣiríṣi Linux tí ó wà ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀ ní 2004. Orúkọ rẹ̀ ti inú èdè àwọn Súlù àti Xhosa wá. Fóònù Android tí ó wà lápò wa pàápàá, Linux ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí a wà. Bí àlejò bá dé Ayétòrò tí ó ń wá ẹnì kan, yóò béèrè àdúgbò, yóò béèrè agbo ilé, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yóò tó kan yàrá. Bí kọ̀ǹpútà ṣe to ẹrù rẹ̀ náà nìyẹn. Àmì / tí ó bá dá dúró ni ẹnubodè ìlú. /home ni àdúgbò, /home/ade ni agbo ilé Adé, /home/ade/aroko sì ni yàrá tí Adé ń kó àròkọ rẹ̀ sí. Bí a bá tẹ pwd, ẹ̀rọ yóò sọ ibi tí a dúró sí fún wa. Bí a bá tẹ ls, yóò ka gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Àṣẹ cd ni a fi ń ṣí kúrò láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, mkdir ni a sì fi ń kọ́ yàrá tuntun. Kí a kíyè sí i pé lójú Linux, Aroko àti aroko kì í ṣe ohun kan náà. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí lẹ́tà kékeré.

Àṣẹ cp ń ṣe ẹ̀dà, mv ń gbé nǹkan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn tàbí kí ó pa orúkọ rẹ̀ dà, rm sì ń pa nǹkan rẹ́. Rm yìí ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Bí a bá fi máòsì pa ìwé kan rẹ́, inú garawa ìdọ̀tí ni ó sábà máa ń lọ, a sì lè mú un padà. Rm kò ní garawa. Ohun tí ó bá gbà lọ́wọ́ wa ti lọ nìyẹn, kò sì ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ kan tí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ọdún mẹ́ta wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn àròkọ àtijọ́ tí kò nílò mọ́. Ó fẹ́ pa gbogbo ohun tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aroko rẹ́. Àṣẹ tí ó tọ́ nìyí:

rm -r aroko*

Ìtumọ̀ ìràwọ̀ tí ó kẹ́yìn ni “ohunkóhun tí ì báà tẹ̀lé e.” Ṣùgbọ́n bí ìka bá yẹ̀, tí àlàfo kan bọ́ sáàárín, yóò di:

rm -r aroko *

Èyí túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ pa aroko rẹ́, lẹ́yìn náà kí ó pa ohun gbogbo tí ó wà nínú yàrá náà rẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní pé tí máàkì ọdún mẹ́ta yóò fi dàwátì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìdánwò Yorùbá kò gbọdọ̀ ka èyí sí àbùmọ́, ẹ mọ̀ pé ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, àmì orí wọn nìkan ni ó sì yà wọ́n. Olóye ènìyàn yóò kọ́kọ́ tẹ ls aroko* kí ó lè rí ohun tí ìràwọ̀ náà kó, tàbí kí ó lo rm -i, tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó pa á rẹ́.

Ẹni tí ó bá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lo àṣẹ kan kò ní láti pe ẹnikẹ́ni. Kí ó tẹ man, kí ó fi orúkọ àṣẹ náà tẹ̀lé e, bí àpẹẹrẹ man rm, ìwé ìlò rẹ̀ yóò jáde. Man yìí kì í ṣe ọkùnrin o! Ìgékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ìwé ìtọ́sọ́nà ni.

Ohun tí ó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí, lójú tèmi, ni bí àṣẹ kan ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ẹnì kan ń bó ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń lọ̀ ọ́, ẹnì kan ń fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ dànù, ẹnì kan ń jọ̀ ọ́, ẹnì kan sì ń yan án. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ kan ni oníkálukú mọ̀, tí ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Doug McIlroy ni ó dábàá irú ètò bẹ́ẹ̀ fún Unix, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 1973. Àmì rẹ̀ ni ìlà òòró yìí: |. Ká ní ìwé kan wà tí à ń pè ní oruko.txt, tí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan àti ìlú rẹ̀ wà lórí ìlà kan. Àṣẹ grep ń wá ọ̀rọ̀, wc -l sì ń ka iye ìlà. Bí a bá fẹ́ mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti Ìmẹ̀kọ, a ó kọ ọ́ báyìí:

grep Imeko oruko.txt | wc -l

Grep yóò ṣa àwọn ìlà tí Imeko wà nínú wọn, yóò gbé wọn fún wc, wc yóò sì sọ iye wọn. Orúkọ wọn ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kò ní jẹ́ kí a mí kanlẹ̀ kí ó tó dáhùn.

Ẹ ó rí i pé n kò fi àmì sí Imeko nínú àṣẹ yẹn, ìdí sì wà fún un. Ìlànà lẹ́tà ASCII tí kọ̀ǹpútà ń lò láyé àtijọ́ kò ní ju àyè 128 lọ, kò sì sí ibi tí ẹ, ọ àti ṣ lè jókòó sí nínú rẹ̀. Ní 1992 ni Ken Thompson tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti Rob Pike ṣe ìlànà UTF-8, tí ó gba lẹ́tà gbogbo èdè. Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ni a lè gbà tọ́jú ọ: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tí a kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú grep, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí akọ̀wé méjì bá fi bọ́tìnì ìtẹ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ Ìmẹ̀kọ sínú ìwé kan náà, grep lè rí ti ọ̀kan kí ó fo ti èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kó àkọsílẹ̀ Yorùbá jọ gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà kan, kí ó sì rọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló kàn. Àwa ará Yewa mọ ẹnubodè Ìdí-Ìrókò: ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé yóò kọjá, ẹni tí kò bá ní ìwé yóò dúró. Ìwé kọ̀ọ̀kan nínú Linux ni ó ní irú ẹnubodè bẹ́ẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ni ó sì ń dá dúró: ẹni tí ó ni ín, ẹgbẹ́ ẹni náà, àti ará ìta. Àǹfààní mẹ́ta ni a lè fún wọn. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, kí a lò ó bí ètò jẹ́ 1. Àròpọ̀ wọn ni a ó fi chmod pa láṣẹ. Bí ìbéèrè ìdánwò bá wà nínú ibeere.txt, chmod 640 ibeere.txt túmọ̀ sí pé olùkọ́ tí ó ni ín lè kà á kí ó sì tún un kọ, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á, ará ìta kò gbọdọ̀ rí i. Bí kò bá fẹ́ kí olùkọ́ mìíràn rí i, kí ó lo 600. A ti gbọ́ tó nípa ìbéèrè tí ó jò kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Ẹnì kan wà tí ẹnubodè kankan kò lè dá dúró. Root ni orúkọ rẹ̀ nínú Linux. Ẹni tí a bá fún láṣẹ lè fi sudo ṣáájú àṣẹ rẹ̀, kí ó tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀, kí àṣẹ náà sì ṣiṣẹ́ bí ẹni pé root ni ó pa á. Báyìí ni a ṣe ń fi ètò tuntun sínú ẹ̀rọ Ubuntu: sudo apt install, kí orúkọ ètò náà tẹ̀lé e. Sudo pẹ̀lú rm -r kì í ṣe ohun tí a ń fi ìkánjú tẹ̀.

Nígbà mìíràn ètò kan yóò takú, kọ̀ǹpútà yóò sì máa wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Àṣẹ top yóò fi èyí tí ó ń jẹ agbára ẹ̀rọ hàn wá pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 2415, a ó tẹ kill 2415. Èyí dà bí ìgbà tí onílé fún ayálégbé ní ìwé pé kí ó kó jáde: ètò náà lè tọ́jú ẹrù rẹ̀ kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n kill -9 2415 dà bí kí a gbé e jù síta lójú ẹsẹ̀. Ohun tí kò bá tíì fi pamọ́ ti ṣòfò. Kill lásán ni kí a kọ́kọ́ lò. Ní ti àyè ìkẹ́rùsí, df -h yóò sọ èyí tí ó kù, du -sh yóò sì sọ bí ẹrù inú yàrá kan ṣe tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ṣe pàtàkì fún wa. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá kọ ni kọ̀ǹpútà ń kó sínú dísìkì lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń mú díẹ̀ dání ná. Bí iná bá lọ lójijì, èyí tí ó mú dání ti lọ nìyẹn. Àṣẹ sync ń sọ fún un pé kí ó kó gbogbo rẹ̀ wọlé kíá. Bí epo jẹnẹrétọ̀ bá sì ń tán lọ, kí a má ṣe dúró de ìgbà tí yóò kú fúnra rẹ̀. Sudo shutdown -h now yóò ti ilẹ̀kùn gbogbo bí ó ti yẹ.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni a ń wá nínú gbogbo èyí nígbà tí máòsì wà. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ń tẹ lẹ́tà nìkan lè máà nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ṣe ohun kan náà sí ọ̀ọ́dúnrún ìwé lè kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ̀rọ sì máa tún un ṣe títí. Àǹfààní ssh tún wà, èyí tí Tatu Ylönen, ọmọ Finland, ṣe ní 1995. Ẹni tí ó jókòó ní Ìlaròó lè fi ssh ṣàkóso kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, bí wọ́n bá ti fún un láyè. Nítorí pé lẹ́tà nìkan ni ó ń kọjá, tí kì í ṣe àwòrán, nẹ́tíwọọ̀kì tí kò lágbára tó láti gbé fídíò lè gbé e. Ọmọ tí ó bá ní i lọ́kàn láti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, yálà ní Pólítẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ti wà ní Ìlaròó láti 1979 tàbí níbòmíràn, kò ní pẹ́ kí ó tó bá àwọn àṣẹ wọ̀nyí pàdé.

Ẹni tí ó bá mú irú orí-ọ̀rọ̀ yìí nínú ìdánwò kò gbọdọ̀ to àṣẹ jọ bí ìgbà tí a ń pe orúkọ nínú rẹ́jístà. Kí ó mú díẹ̀, kí ó tú wọn palẹ̀, kí ó sì fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀.

Windows náà ní tirẹ̀: dir ń ṣe iṣẹ́ ls, copy ń ṣe iṣẹ́ cp, del ń ṣe iṣẹ́ rm, tasklist àti taskkill sì ń ṣọ́ àwọn ètò tí ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá lè fi Termux, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí fóònù Android rẹ̀. Gbogbo ohun tí a sọ nípa pwd, ls, cd, cp, grep àti chmod ni yóò rí dánwò níbẹ̀, àyàfi sudo, nítorí fóònù kì í sábà gbà kí ẹni tí ó rà á di root. Bí ó bá sì parí, kí ó tẹ exit.